Kí ni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílò lọ́wọ́ àdúgbò? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn, ará Epe

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, nítòsí Marina níbí ní Epe, fẹ́ yan èèyàn mélòó kan tí yóò máa mójú tó ìdílé tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, ohun tí à ń ṣe ni pé a ó kó ara wa jọ lọ kí wọn, alága á gbàdúrà, akápò á fún wọn ní àpòòwé, ó parí. Níbi ìpàdé tó kọjá ni opó kan ti dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó ní àpòòwé náà dé, ṣùgbọ́n mínírà àwọn àlejò ni wọ́n fi rà. Ó ní ohun tí òun ń wá lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ òun tó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, kí òun lè ráyè lọ sí mọ́ṣúárì. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ òun.

Nítorí náà mo ń béèrè báyìí. Ẹ̀yin tó ti kọjá níbẹ̀, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kàn án: kí lẹ nílò, ìgbà wo lẹ nílò rẹ̀, ta ló sì yẹ kó ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ "àdúrà" nìkan lẹ máa kọ. Àdúrà wà ńlẹ̀. Nǹkan tí mo lè nawọ́ sí ẹnì kan pé "ìwọ lo máa ṣe èyí" ni mò ń wá.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo
Akọ̀wé, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi papò dà, ilé kún fọ́fọ́. Títí wọ́n fi ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mi ò ráyè sunkún, torí èmi náà ni mò ń wò ó bóyá àlejò ti jẹun. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ilé dá wáí. Gbogbo wọn ló ti sọ fún mi pé "bó o bá fẹ́ ohunkóhun, pè mí." Ta ni mo fẹ́ pè? Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́. Ojú tún ń tì mí.

Ẹni tí mi ò lè gbàgbé ni obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kó ẹja tó wà nínú fíríísà mi, ó bá mi tà á kó tó bàjẹ́, ó kọ iye tó pa sórí páálí, ó sì gbé owó náà wá bá mi nílé pẹ̀lú páálí ọ̀hún. Gbogbo oníbàárà tó bá béèrè mi, ó ń sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò tajà rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Tí ọlọ́jà bá kúrò lójú ọjà fún ìgbà pípẹ́, ara á mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, bó bá sì padà dé, òun àti àlejò kò yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò bá ọlọ́fọ̀ mójú tó ọjà rẹ̀?

Ọmọ Pàpá
Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọ̀rọ̀ yín kan àwa oníṣẹ́ ọwọ́ náà. Nígbà tí ọ̀gá wa tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe kú, ẹ́ńjìnnì oníbàárà mẹ́rin wà nílẹ̀ tó ti tú palẹ̀. Àwọn oníbàárà ń lọ bá ìyàwó rẹ̀ lórí ẹní ọ̀fọ̀ pé kó dá owó àwọn padà. Àwa tí a jọ wà lẹ́gbẹ́ la pín ẹ́ńjìnnì náà láàárín ara wa, a parí wọn, a gba owó tó kù, a kó o fún ìyàwó. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Alfa Kékeré
Àsàláàmù àláékúmù. Ọ̀pọ̀ wa ní Epe yìí ni Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Nígbà tí ìròyìn ikú Jáfárù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ànábì wa, dé Mẹ̀dínà láti ojú ogun Mútà, ohun tí Ànábì sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Jáfárù, nítorí ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ti dé bá wọn. Aládùúgbò ló ń se oúnjẹ fún ọlọ́fọ̀! Ní tiwa, ọlọ́fọ̀ ló ń yá owó ra ìrẹsì, ọlọ́fọ̀ ló ń wá ẹni tó máa dáná, kí àwa lè jẹ, ká sì tún gbé díẹ̀ dání lọ sílé.

Lórí ọ̀rọ̀ opó: oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni Kùránì là sílẹ̀. Bí ó bá lóyún, títí yóò fi bímọ ni. Ohun tí yóò yẹra fún láàárín àkókò yẹn ni ọ̀ṣọ́, lọ́fínńdà, tìróò, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ti í wá fẹ́ ẹ. Kò síbi tí wọ́n ti ní kó má wẹ̀, tàbí kó má pààrọ̀ aṣọ, tàbí kó máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ sì ti fàyè gbà á pé kó jáde lọ́sàn-án fún ohun tí kò ṣeé má ṣe, kó padà wá sun ilé rẹ̀. Àwọn àǹtí ọkọ tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́, ta ló rán wọn?

Iṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ yín: láàárín oṣù 4 ọ̀hún, ẹ ní ẹnì kan tí yóò máa bá a ra nǹkan lọ́jà, tí yóò máa sin àwọn ọmọ lọ síléèwé, tí yóò bá a san owó iná. Ká má ní kí obìnrin jókòó sílé, ká sì fi ebi pa á mọ́ ibẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Epe
Alfa, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di pé ìnáwó òkú burú. Bàbá mi lo ju ọdún 80 lọ. A pa màlúù, a gbé onílù, a dá aṣọ ẹbí. Òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un ni pé gbogbo ẹni tó wọlé, "ẹ kú ìnáwó, ẹ ẹ̀ ní fi irú rẹ̀ gbèsè" ni. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń jó. Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru, mo ń wá bàbá mi. Ọmọ tó ti ní ọmọ-ọmọ! Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún, torí wọ́n á ní ṣé bàbá tó dàgbà bẹ́ẹ̀ lo tún ń sunkún ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yan ìgbìmọ̀, ẹ má fo ilé àwa tí a ṣe ìnáwó.

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo
Bàbá, ẹni tó lówó lọ́wọ́, kó ná an, òkú òbí rẹ̀ ni. Èyí tó ń bí mi nínú ni ti ẹni tí kò ní, tí a ń fojú sọ fún pé "bàbá yín kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ́ẹ̀." Mo mọ ìdílé kan tó ta ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Àwa tí a jẹ màlúù wọn, a ò mọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn wà báyìí. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò pinnu pé a ò ní béèrè aṣọ ẹbí lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀ kankan. Bó bá fúnra rẹ̀ mú un wá, ìyẹn yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í rántí oògùn ara rẹ̀. Ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà á ti pa oògùn tì láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé. Kò sùn, kò jẹun, omi pàápàá kò mu tó. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, á ti dojú ẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé: oògùn wo ni ẹ̀ ń lò, ó dà? Kó dúró kó lò ó lójú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ wọn, kí wọ́n bá a yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra oògùn oorun fún ọlọ́fọ̀ ní kẹ́míìsì. Ó máa ń di bárakú, arúgbó tó bá sì lò ó lè dìde lóru kó ṣubú.

Ẹkún kì í ṣe àìsàn. Bí èèyàn bá gbọ́ ohùn olóògbé bí ẹni pé ó pe òun lẹ́yìnkùlé, tàbí tó ń bá fọ́tò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe wèrè, ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má sáré gbé e lọ sí ilé ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ní oṣù 6, tí kò tíì lè ṣiṣẹ́, tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀, tí ìrora náà kò dín rárá, ìyẹn ti kọjá ohun tí "ẹ mú un mọ́ra" lè wò. Ìwé àkójọ àìsàn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 ka irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà. Bí ó bá sì ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá ẹni tó lọ, ẹ má pè é ní àsọdùn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn eku kúrò nílé, ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Ọmọ Rere
Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo ní kí n má kọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ opó, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òkú àgbà. Ọmọ ni tèmi. Ó ti ń múra àtilọ sí Yunifásítì. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é: òkú ọ̀fọ̀, wọ́n sin ín wéréwéré, wọn kò jẹ́ kí èmi àti bàbá rẹ̀ mọ ojú oórì. Mi ò bá àwọn àgbà jà, bí wọ́n ti bá a nìyẹn. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìyá tí ọmọ wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lọ́nà bí wọ́n bá rí mi. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mo mọ̀. Bóyá wọ́n tún rò pé ó lè ràn wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá, ẹ má sọ fún mi pé "ṣebí o ṣì ní méjì." Ẹ má sọ pé "Ọlọ́run ló fún ọ, òun ló gbà á." Mo mọ̀ ọ́n, ẹnu yín ni mi ò ti fẹ́ gbọ́ ọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́" ti tó. Tẹ́ ẹ bá tún rántí nǹkan kan tí ọmọ náà ṣe, ẹ sọ ọ́ fún mi, kẹ́ ẹ sì dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá bá mi, ó ní ọmọ mi ló kọ́ òun ní ìṣirò tí òun fi yege. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun tuntun ni ọmọ mi ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan mìíràn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọjọ́ tí èsì ìdánwò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó yẹ kí ẹnì kan kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó yà sílé wa.

Tíṣà Noforíjà
Ìyá wa, Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ gbé wá. Ọmọ kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ mi tí wọ́n sọ fún pé bàbá rẹ̀ rin ìrìn àjò. Bí a bá ti jáde iléèwé, ó kọ̀ láti tẹ̀ lé àǹtí rẹ̀, ó ní bàbá òun lè dé. Ọmọ kíláàsì mìíràn ló wá sọ òtítọ́ fún un nídìí bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ẹ̀sín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ fúnra yín, ní ọ̀rọ̀ tó yé e: bàbá rẹ ti kú, ara rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò ní padà wálé, kì í ṣe ohun tó o ṣe ló fà á. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ọmọdé máa ń rò pé ìgbọ́ràn tí òun kò ṣe ló pa ìyá òun. Tó bá tún béèrè lọ́la, ẹ tún un sọ.

Kí ẹnì kan wá sọ fún iléèwé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyà ni ọmọ á jẹ torí pé kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé, kó tó di pé a mọ̀.

Mo tún bẹ̀ yín lórí pípín ọmọ. Bí ìyá bá kú, ẹbí á jókòó, wọ́n á ní àkọ́bí á lọ bá ẹ̀gbọ́n ní Ṣóńgò, ìkejì á lọ sí Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn á wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Inú rere ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá, ẹ tún gba àbúrò rẹ̀, iléèwé rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá pọn dandan, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wà, kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ parí, kẹ́ ẹ tó máa jíròrò.

Lọ́yà Ìlú
Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, mi ò sì wá oníbàárà níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú opó máa ń rí nídìí ìwé.

Ikú gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti 1992 ló sọ bẹ́ẹ̀, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló sì ń ṣe é, wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìwé tí dókítà kọ sọnù, òun lẹ máa gbé lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ dáadáa, torí báńkì á béèrè, ibi iṣẹ́ á béèrè, ilé ẹjọ́ á béèrè.

Ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sí báńkì gẹ́gẹ́ bíi next of kin kì í ṣe ajogún nítorí ìyẹn. Ìjà tó pọ̀ jù lọ ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí olóògbé kò bá kọ ìwé ìhágún, báńkì yóò ní kí ẹ lọ gba letter of administration, ìyẹn ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń yan ẹni tí yóò bójú tó dúkìá. Ọ́fíìsì pùròbéètì ni wọ́n ti ń gbà á. Kí ìwé yẹn tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì ATM olóògbé gba owó, ì báà jẹ́ ti mọ́ṣúárì. Lọ́la wọ́n lè sọ pé ẹ jí i.

Bí olóògbé bá ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ lọ béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀ nípa ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe é fún òṣìṣẹ́ wọn, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tí ẹni náà ń gbà lọ́dún. Yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí ìdílé tí kò mọ̀ pé ó wà. Bákan náà, bí gbèsè báńkì kékeré bá wà nílẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba owó ìnṣọ́ránsì lára owó tí wọ́n yá a, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Ti ogún gùn. Irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ló máa sọ òfin tí wọ́n á lò. Ní ìlànà Ìsìláàmù, ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá sí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbèsè. Ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, yálà ní ìdí igi, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan jọ gba ìpín kan, tàbí ní orí ojorí, ìyẹn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé láti Èkó dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà náà, ní 1962, ìdí igi ni wọ́n sì fọwọ́ sí. Síbẹ̀, àṣà náà kò ní kí wọ́n ju opó síta. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e, kó lọ sí Citizens' Mediation Centre tàbí ọ́fíìsì Public Defender ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ọmọ Pàpá
Lọ́yà, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti fóònù kún un. Kí wọ́n má ju síìmù olóògbé nù, kí wọ́n má sì fi sílẹ̀ láìlò. Láìnì tí wọn kò bá lò fún oṣù 6, ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè tì í, kó wá di ti ẹlòmíì tó bá yá. Ibẹ̀ ni àlááàtì báńkì ń wọlé sí, ibẹ̀ sì ni ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wà. Mo bá ẹnì kan kó gbogbo ohùn ọkọ rẹ̀ sórí mẹ́mórì. Ó ní òun ò tíì lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tó wà.

Apẹja Ẹ̀jìnrìn
Ẹ ti gbàgbé àwa tí omi máa ń gbé èèyàn wa lọ. Bí ọkọ̀ bá dà lójú ọ̀sà, a lè wà ní èbúté fún ọjọ́ púpọ̀ kí a tó rí òkú, nígbà míì a kì í rí i. Ìyàwó á jókòó sétí omi, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní àsìkò yẹn kò sẹ́ni tó lè kí i pé ẹ kú àṣẹ̀hìndè, torí ó ṣì ń retí. Ìdúró yẹn ló le jù lọ.

Ẹ wá owó epo fún àwọn tó ń wá a kiri, ẹ gbé oúnjẹ àti tọ́ọ̀ṣì wá fún wọn, kẹ́ ẹ tó máa ronú àpòòwé. Kí obìnrin méjì máa pààrọ̀ ara wọn lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Kí ọkùnrin kan ṣoṣo, tó lẹ́nu, jẹ́ ẹni tí yóò máa bá ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Nílẹ̀ wa, etí omi ni a ti ń sin ẹni tí omi pa, wọ́n sì máa ń béèrè ohun ètùtù. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe àṣà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má lọ ka iye owó ètùtù sí ìyá ọmọ létí níbi tó jókòó sí. Ẹni tó lẹ́nu yẹn ni kí wọ́n bá sọ ọ́, kó bá wọn dúnàádúrà.

Lọ́yà, bí a kò bá wá rí òkú rárá ńkọ́? Ṣé ìyàwó kò ní lè gba nǹkan kan ni?

Lọ́yà Ìlú
Bàbá, ẹ kú ewu omi. Òfin ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ẹni tí àwọn tó yẹ kó gbúròó rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, a ó kà á sí òkú. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní ká jókòó ka ọdún 7. Bí àwọn tó jọ wọ ọkọ̀ bá yè, tí ọlọ́pàá sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, lọ́yà lè gbé e lọ síwájú adájọ́ kó tó pé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní tésàn lọ́sẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó tú ká.

Bàbá Àwọn Ọmọge
Opó ọkùnrin ni mí. A wà o, kò kàn sẹ́ni tó ń kà wá ni. Oúnjẹ dé fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni wọ́n tún ń gbé wá? Obìnrin. "Ẹ wo ọmọbìnrin yìí, ó níwà." Aṣọ ìyàwó mi ṣì wà lórí okùn!

Ohun tí mo nílò nìyí, bó bá jọ yín lójú ẹ rẹ́rìn-ín: ta ni yóò dirun fún ọmọbìnrin mẹ́ta láti Àìkú mọ́ Ajé? Níbo ni ìyá wọn ń tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àbíkẹ́yìn sí? Bí àgbà nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀? Ọmọ aládùúgbò wa kan tó ń kọ́ iṣẹ́ onídìrí gba ti irun, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá. Ó ju gbogbo àpòòwé lọ.

Ẹ tún wo àwọn ọkùnrin tó ń dákẹ́. Bí ẹni tí kì í mutí tẹ́lẹ̀ bá ti ń dúró pẹ́ nídìí paraga, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ má wàásù fún un o. Ẹ bá a ta ayò.

Akọ̀wé Àdúgbò
Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Àwa mẹ́ta tún sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná. Àpòòwé yóò wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ opó tàbí ìyá ọmọ gan-an ni a ó máa fi í lé, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú agbo. A ó ní kàlẹ́ńdà kan tí a ó máa kọ ọjọ́ ogójì, ìparí opó, ọjọ́ ìbí olóògbé àti ọjọ́ tó pé ọdún sí, orúkọ ẹni tí yóò ya ilé náà yóò sì wà níwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Alága kò tíì gbà lórí aṣọ ẹbí, ó ní àwọn ìyálóde á bínú. Ìyá Ẹlẹ́ja, mo ń bọ̀ wá mú yín dání lọ bá a. Mo ṣì ń wá ẹni tí yóò gba ti ìwé àti ọ́fíìsì. Kó jẹ́ ẹni tí sùúrù rẹ̀ gùn, torí ìdúró lórí ìlà pọ̀ níbẹ̀.

Ará Tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ lóru àná, ọmọ náà kò mí. Ilé ìwòsàn ń bi wá bóyá ìyá fẹ́ rí ọmọ. Ìyá ọkọ ní èèwọ̀, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ìyá ọmọ alára kàn ń wo ògiri. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ipá mú un, ẹ má sì fi ipá dí i lọ́wọ́. Bó bá ní òun fẹ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé ọmọ náà dáadáa, kó gbé e fún un, kí ẹ̀gbọ́n yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá ní òun kò fẹ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tún padà wá bi í lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń yí ọkàn padà. Bàbá ọmọ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin àbúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Èyí tí kò sẹ́ni tó máa sọ fún un: ọmú rẹ̀ á kún, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì sí ìkẹrin. Á ṣe é bí ẹ̀sín. Ẹ sọ fún un ṣáájú. Kó wọ kọ́mú tó gbà á dáadáa, kó má fi ọ̀já dì í pinpin. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù ni kí ó máa gbé lé e. Bó bá dùn ún jù, kó fún díẹ̀ jáde kí ara lè tù ú, kó má fún un tán, kó má bàa tún máa sun. Oògùn tó ń dá a dúró wà, dókítà ni kó kọ ọ́, ẹ sì sọ fún dókítà bí ìyá náà bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn kíá.

Kí ẹ tó mú un délé, kí bàbá ọmọ bi ìyá léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí àwọn aṣọ ọmọ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má kó wọn lọ láìbéèrè lọ́wọ́ ìyá. Orúkọ ilé ìwòsàn náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ ni mò ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo lè yà síbẹ̀.